Mò ń tẹ fóònù lábẹ́ kúbùsù lálẹ́ Ṣábátì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùnní_Hendon

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ má bínú tó bá gùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ ń kọ síbí, òní ni mo kọ́kọ́ máa dá sí i. Ọmọ ọdún 21 ni mí, London ni wọ́n bí mi sí. Júù ni mọ́mì mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni dádì mi, àmọ́ dádì ti di Júù kí wọ́n tó fẹ́ra, ọdún mẹ́rin ni dádì fi kọ́ ẹ̀sìn náà kí rábì mẹ́ta tó jókòó yẹ̀ wọ́n wò, tí wọ́n wá ní kí wọ́n lọ ri ara wọn bọ omi mikveh, omi ìwẹ̀nùmọ́ àwọn Júù. Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni wá nílé, àwọn Júù tó ń pa gbogbo òfin mọ́, ti gidi. Yorùbá lèmi àti dádì máa ń sọ síra wa, wọ́n ní pé àwọn ṣe ẹ̀sìn míì ò ní kí àwọn gbàgbé èdè àwọn.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ pé mi ò kórìíra ilé wa o. Lọ́jọ́ Fúráìdè, tó bá ku ìṣẹ́jú 18 kí oòrùn wọ̀, mọ́mì á tan àbẹ́là mẹ́rin, méjì fún Ṣábátì, ọjọ́ ìsinmi wa, ọ̀kan fún èmi, ọ̀kan fún àbúrò mi ọkùnrin, wọ́n á fọwọ́ méjèèjì bojú, wọ́n á gbàdúrà. Dádì á ti gbé ìkòkò ẹ̀wà ka orí iná mànàmáná pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti tàn sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà di ọ̀sán Sátidé torí a kì í dáná lọ́jọ́ Ṣábátì. Ẹbí mọ́mì ń pè é ní cholent, ẹ̀wà, báálì, pòtétò pẹ̀lú ẹran, àmọ́ epo pupa àti ata rodo ló wà nínú tiwa. Edé kì í wọ ilé wa torí kì í ṣe kóṣà, ìyẹn oúnjẹ tí òfin Júù fọwọ́ sí. Ẹja àrọ̀ náà ò ṣeé jẹ, kò ní ìpẹ́, so tó bá jẹ́ ọbẹ̀ ẹja, Titus ni dádì máa ń rà. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́ lọ́jọ́ Sátidé gbogbo ilé á ti máa ta sánsán.

Yunifásítì ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú kọ́ọ̀sì kan lórí Bíbélì àwọn Hébérù, mo rò pé màá mọ̀ ọ́n ju gbogbo kíláàsì lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, tíṣà ní ká ka Jẹ́nẹ́sísì orí 6 àti orí 7 pọ̀. Ní orí 6, méjì méjì ni kí Nóà kó àwọn ẹranko, ní orí 7, méje méje ni fún èyí tó mọ́. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé Jámánì ti ń sọ láti ọ̀rúndún 19 pé ọwọ́ tó kọ Tórà, ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ nínú Bíbélì, ju ẹyọ kan lọ, pé bóyá ọwọ́ mẹ́rin, wọ́n kàn rán an pọ̀ ni. Láti kékeré ni mo ti ń ka orí méjèèjì yẹn, mi ò rí i rí. Mo délé mo tún un kà, ńṣe ni inú mi ń tutù bí ẹni pé wọ́n da omi sí i.

Láti ìgbà yẹn, táwọn ará ilé bá ti sùn lálẹ́ Fúráìdè, mo máa ń tan fóònù lábẹ́ kúbùsù, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni lọ́jọ́ Ṣábátì. Kò sí nǹkan gidi tí mò ń wò níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan á ṣe mí ni. Nǹkan kan ò ṣe mí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ ẹsẹ̀ mọ́mì, mo ti fóònù bọ abẹ́ pílò, iná ẹ̀ ṣì ń tàn, àyà mi ń já bí ìgbà téèyàn jí owó. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n fa kúbùsù bò mí lẹ́sẹ̀, wọ́n jáde. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rí i.

Ṣé kí n sọ fún wọn ni? Ṣé kí n máa ṣe é lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan? Mi ò fẹ́ purọ́, mi ò dẹ̀ fẹ́ kúrò nílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín yàtọ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́

Àdùnní mi, o kú ìrònú. Kìrìsìtẹ́nì ni mí o, àmọ́ ọdún 17 ni mo fi ṣiṣẹ́ nítòsí Stamford Hill ní London, àwọn Júù tó ń wọ aṣọ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń gbẹ̀bí wọn. Mo ti rí bàbá kan tó fi mọ́tò gbé ìyàwó ẹ̀ wá lọ́sàn-án Sátidé, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, mo bi í pé ṣé kò dẹ́ṣẹ̀, ó ní rárá, pé tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀mí èèyàn, dandan ni kóun wakọ̀, pé ẹni tó bá dúró béèrè lọ́wọ́ rábì nígbà yẹn ló ń ṣe búburú. Mi ò gbàgbé ẹ̀ rí. Mo wá mọ̀ pé ẹ̀sìn yín ní ọkàn nínú, kì í ṣe òfin gbẹrẹfu.

Ọmọ mi ọkùnrin náà sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo pariwo, mo sunkún, mo pe pásítọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni ò fi pè mí. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, pé ó ti tó ọdún méjì tó ti ń jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì láìgbà á gbọ́, tí mi ò mọ̀, ni. Má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó o tó sọ fún màmá ẹ.

Bàbá_Ìbejì_NJ

Ọmọ mi, o ṣeun tó o sọ ọ́ síta. Èmi náà di Júù ni, ọdún kọkànlélógún rèé, New Jersey ni mò ń gbé. Gbogbo alẹ́ Tuesday lèmi àti bàbá arúgbó kan máa ń kàwé pọ̀, báwọn Júù ṣe máa ń kàwé nìyẹn, méjì méjì, chavruta ni wọ́n ń pè é, ẹnìkejì ẹ ò sí níbẹ̀ láti gbè ẹ́ lẹ́yìn, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó tako ẹ́. Rábì Yohanan nínú Támúdù, ìwé tí àríyànjiyàn àwọn rábì àtijọ́ lórí òfin wà, nígbà tí ẹnìkejì ẹ̀ Resh Lakish kú, wọ́n mú ọ̀mọ̀wé míì fún un. Gbogbo ohun tí Yohanan bá sọ, ẹni yìí á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rí tó gbè yín rèé. Yohanan ní Resh Lakish máa ń fi ọ̀nà 24 ta ko ọ̀rọ̀ òun, òun á dáhùn 24, ibẹ̀ ni òfin ti ń yé àwọn, ìwọ ń sọ fún mi pé mo jàre, ṣé mi ò mọ̀ pé mo jàre ni? Ó ya aṣọ ẹ̀, ó ń ké kiri pé níbo lo wà. So kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ẹ pé ìbéèrè ló ń lé èèyàn kúrò nínú ẹ̀sìn yìí.

Ìtàn kan wà nínú Támúdù, ní Bava Metzia ojú ewé 59, ó ṣeé ṣe kó o mọ̀ ọ́n, àmọ́ jẹ́ n sọ ọ́ nítorí àwọn tó kù. Àwọn rábì ń jiyàn lórí ààrò amọ̀ kan, ṣé ó lè di aláìmọ́ àbí kò lè dì í. Rábì Eliezer nìkan ló ní kò lè dì í. Ó ní tó bá jẹ́ tòun ló tọ́, kí igi yẹn jẹ́rìí, igi fà tu, ó sún ní ìgbọ̀nwọ́ 100. Wọ́n ní igi kì í ṣẹ̀rí. Omi odò ṣàn padà sẹ́yìn, wọ́n ní omi kì í ṣẹ̀rí. Ògiri ilé ẹ̀kọ́ dà síbi tó fẹ́ wó. Ohùn wá fọ̀ látọ̀run pé Eliezer ló jàre. Rábì Jóṣúà fò dìde, ó fa Diutarónómì orí 30 yọ, ó ní kò sí ní ọ̀run, ìyẹn ni pé wọ́n ti gbé Tórà lé wa lọ́wọ́, àwa la máa fi ọpọlọ wa rò ó. Wọ́n ní Ọlọ́run rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ òun ti borí òun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí ẹ̀ sí nìyẹn, wọn kì í ka ìyókù, ìyókù yẹn dẹ̀ ni tìẹ. Àwọn rábì lé Eliezer jáde kúrò láàárín wọn, wọ́n wá ní ta ló máa lọ sọ fún un. Rábì Akiva ní òun máa lọ, kí ẹni tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ má lọ ba ayé jẹ́. Ó wọ aṣọ dúdú, ó jókòó ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin sí i, bàbá yẹn ní Akiva, kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí, ó ní ọ̀gá mi, ó jọ pé àwọn ẹgbẹ́ yín ń yẹra fún yín. Báyẹn nìkan ló ṣe sọ ọ́. Bàbá yẹn sì bú sẹ́kún. Òtítọ́ ni kó o sọ fún màmá ẹ, àmọ́ bí Akiva ṣe lọ ni kó o lọ, kì í ṣe lórí WhatsApp, kì í ṣe láàárín ìjà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Prestwich

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì, mo gba tiyín, àmọ́ màá sọ tèmi, kò dẹ̀ ní dùn létí. Gbogbo àwọn rábì tó ń jiyàn yẹn, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń dáná lọ́jọ́ Ṣábátì nígbà tí wọ́n ń jiyàn. Wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń bèèrè. Àdùnní, ìwọ ti fi ṣíṣe sílẹ̀ kó o tó bèèrè tán. Nígbà tí Ísírẹ́lì gba májẹ̀mú ní Ẹ́kísódù 24, wọ́n ní a ó ṣe, a ó sì gbọ́, ṣíṣe ló ṣáájú. Tó o bá ní kó yé ẹ tán kó o tó pa á mọ́, ọjọ́ wo ló máa yé ẹ tán?

Lórí ọ̀rọ̀ tíṣà ẹ, kì í ṣe pé àwọn àgbà ò rí i. Támúdù fúnra ẹ̀, ní Bava Batra, bèèrè pé ẹsẹ mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn Diutarónómì, níbi tí wọ́n ti sọ pé Mósè kú, ta ló kọ ọ́? Ẹnì kan ní Jóṣúà ni, ẹnì kan ní Mósè ló fi omijé kọ ọ́. Ibn Ezra ní ọ̀rúndún 12, ó ní kì í ṣe mẹ́jọ nìkan, pé 12 ni, ó tún tọ́ka sí àwọn ibòmíì tí kò jọ ọ̀rọ̀ Mósè, ó wá ní kí ẹni tó bá yé dákẹ́. Èèyàn yìí, wọ́n ṣì ń tẹ àlàyé ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Tórà dòní. So ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti òyìnbó Jámánì nìkan, inú ilé wa ló wà. Pa fóònù yẹn. Bèèrè ìbéèrè yẹn lọ́sàn-án gangan, lójú rábì yín.

Àdùnní_Hendon

Bọ̀dá Prestwich, mi ò bínú rárá. Àmọ́ ọdún 14 ni mo fi lọ sílé ìwé àwọn Júù, wọn ò sọ̀rọ̀ Ibn Ezra yẹn fún wa rí. Mo bi tíṣà kan lọ́dún tí mo pé 15 nípa ọdún tí ayé ti wà àti egungun àwọn ẹranko ayé àtijọ́, ó ní irú ìbéèrè yẹn kì í wá láti ọkàn tó mọ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gbé ìbéèrè mi pa mọ́. Ká ní wọ́n ti sọ fún mi nígbà yẹn pé àwọn àgbà náà rí i, bóyá mi ò ní bẹ̀rù tó báyìí.

Ìyá_Rèmílẹ́kún_BK

Ó dùn mí o. Àǹtí yín ní Brooklyn rèé. Inú àwọn Hásídì, àwọn Júù tó ń tẹ̀ lé ẹ̀sìn gírígírí, ní Williamsburg ni wọ́n bí ọkọ mi sí, èdè Yídíìṣì ni wọ́n fi tọ́ ọ, ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n fẹ́yàwó fún un, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló rí ọmọbìnrin yẹn kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ọmọ ọdún 25 ló fi kúrò. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìdá nínú ìṣirò, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Footsteps wà ní New York láti 2003 tó ń ran irú wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò girama, ibẹ̀ ló ti rí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ láìpè é ní wèrè. Màmá ẹ̀ ò gbé fóònù ẹ̀ fún ọdún méje.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé tìẹ kọ́ nìyẹn, jọ̀ọ́ má wo ara ẹ nínú dígí tẹlòmíì. O ní yunifásítì, o ní èdè, o ní bàbá tó ń ṣe ẹ̀wà fún ẹ. Àmọ́ ohun kan tí ọkọ mi ní kí n bá òun sọ: má jẹ́ kí wọ́n fi ọkùnrin kankan mọ̀ ẹ́ báyìí. Àwọn tó ń bá ọmọ wá ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe màmá ẹ tó o bá ti jáde yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ nígbà tí o ò tíì mọ ibi tó o dúró, ẹni tó o jẹ́ lọ́jọ́ yẹn ló fẹ́, tó o bá wá yí padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọ ti wà láàárín yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ mi nìyẹn. Àwọn ọmọ ẹ̀ méjì wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ wákàtí méjì ló fi ń rí wọn lọ́sẹ̀. Títí dòní, tí alẹ́ Fúráìdè bá ti lẹ́, òun náà ló máa ń kọrin Ṣábátì nínú ilé wa, kò gba ìdajì nínú ẹ̀ gbọ́ mọ́, ó ní ohùn bàbá òun ló wà nínú orin yẹn.

Táyélolú_Chicago

Àbúrò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì máa ń rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà, kó o wà nínú ẹ̀ pátá tàbí kó o jáde pátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. London tó o wà yẹn ni ọ̀rọ̀ tìẹ gan-an ti ṣẹlẹ̀ sí rábì kan, Louis Jacobs. Rábì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni, ó mọ Támúdù bí ẹni mowó, ó kọ̀wé ní 1957 pé òun gbà pé látọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni Tórà ti wá, àmọ́ pé ọwọ́ èèyàn wà nínú bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, pé ohun táwọn ọ̀mọ̀wé rí kì í ṣe irọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ táwọn rábì ti ń kọ́ṣẹ́, olórí àwọn rábì ilẹ̀ Bìrìtìkó ní rárá. Nígbà tó fẹ́ padà sí sínágọ́gù tó wà tẹ́lẹ̀ ní 1964, wọ́n tún dènà. Àwọn ìjọ ẹ̀ bá a jáde, wọ́n dá New London Synagogue sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹ gbọ́ o, títí tó fi kú ní 2006, ó ń pa Ṣábátì mọ́, ó ń jẹ kóṣà, kò dẹ̀ kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ. Ní 2005, ìwé ìròyìn Jewish Chronicle ní káwọn òǹkàwé yan Júù tó tóbi jù tó tíì gbé Bìrìtìkó, òun ni wọ́n yàn.

Sínágọ́gù yẹn ṣì wà ní St John's Wood. Mo mọ̀ pé o ò lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Hendon lọ́jọ́ Ṣábátì, so lọ láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ní kíláàsì. Mi ò ní kó o kó kúrò níbi tó o wà. Mo kàn fẹ́ kó o jókòó sínú yàrá tí ìbéèrè ẹ ò ti ní ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Wọ́n ṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà níbí, Pew, ní 2020: nínú àwọn Júù tó wà láàárín ọdún 18 sí 29, 17 nínú 100 ló ní Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni àwọn, nígbà tó jẹ́ pé 3 péré ni láàárín àwọn tó ti lé ní 65. Àmọ́ nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn kan náà, 40 ló ní Júù làwọn àmọ́ àwọn ò ní ẹ̀sìn kankan. Ẹ ò rí i bó ṣe ń fà sí apá méjèèjì. Àwọn tó wà láàárín ló ń tán lọ, àárín yẹn ni mò ń gbé, ó dẹ̀ ń dùn mí.

Bàbá_Ìbejì_NJ

Táyélolú, o káre. Ẹ jẹ́ n fi ẹyọ kan kún un. Rábì kan wà tó ń jẹ́ Elisha ben Abuya, ó pàdánù ìgbàgbọ́ ẹ̀, wọn ò pe orúkọ ẹ̀ mọ́, Acher ni wọ́n ń pè é, ìyẹn “ẹlòmíì”. Ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀, Rábì Meir, ò fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ṣábátì kan Acher gun ẹṣin, Meir ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ẹ̀ kó lè gbọ́ Tórà lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tó yá Acher ní Meir, padà, mo ti ka ẹsẹ̀ ẹṣin mi, ibí ni ààlà Ṣábátì, ibi téèyàn ò gbọ́dọ̀ rìn kọjá lọ́jọ́ náà. Òun tí ò pa á mọ́ mọ́ ló ń ṣọ́ ọ fún ọmọ ẹ̀kọ́ ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀ ni mo máa ń dákẹ́.

Àdùnní, tó o bá fẹ́, màá máa bá ẹ kàwé ní Tuesday, lórí fídíò. Ibn Ezra la máa fi bẹ̀rẹ̀.

Àdùnní_Hendon

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti bá wọn sọ ọ́.

Dádì ni mo kọ́kọ́ sọ fún, lálẹ́ Thursday nígbà tá à ń ṣa ẹ̀wà. Thursday la máa ń ṣà á torí ṣíṣa nǹkan kúrò lára nǹkan wà nínú iṣẹ́ 39 téèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣe lọ́jọ́ Ṣábátì. Mo sọ gbogbo ẹ̀, kíláàsì, Nóà, fóònù. Wọn ò gbójú sókè, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó pẹ́. Wọ́n wá ní nígbà tí àwọn sọ fún ìyá àwọn ní Ìjẹ̀bú pé àwọn fẹ́ di Júù, ìyá àwọn ní òun ò lọ́mọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, ọdún méjì ni ò fi bá àwọn sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi! Ọdún kẹta, mámà wá sí London, wọ́n gbé kúlà kan dání látojà, ẹja Titus ló kún inú ẹ̀. Wọ́n ti lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan pé irú ẹja wo làwọn Júù máa ń jẹ, wọ́n tún fi èékánná họ ìpẹ́ ẹ̀ wò kí wọ́n tó rà á. Dádì ní báwo lòun ṣe fẹ́ bínú sí mi pé mo ń ronú, nígbà tó jẹ́ ìrònú ló gbé òun débí.

Mọ́mì ní wọ́n rí iná fóònù yẹn. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún. Wọ́n ní ó dùn àwọn, pé àwọn ò ní purọ́ pé kò dùn àwọn, àmọ́ kí n má sá wọ abẹ́ kúbùsù mọ́ nínú ilé bàbá mi. Rábì wa ní kí n wá lọ́jọ́ Sunday, mi ò mọ ohun tó máa sọ.

Lánàá mọ́mì tan àbẹ́là mẹ́rin. Mo ti gbé fóònù sínú dúrọ́ọ̀ ìdáná kí wọ́n tó fọwọ́ bojú, èmi ni mo gbé e síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e. Ó wà níbẹ̀ títí ìràwọ̀ mẹ́ta fi yọ lálẹ́ yìí, tí Ṣábátì parí. Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò tíì mọ̀.

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun, mo fẹ́ kàwé yẹn. Tó bá jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ níbí, aago mẹ́ta ọ̀sán ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ máa ti dé láti ibi iṣẹ́?